Àwọn Tó Ń Ṣọ́ Ẹnu Ọ̀nà

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Owó tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kò dín kò lé. Oògùn ẹsẹ̀ ìyá àgbà jẹ ẹgbẹ̀rún méje. Páànù tó ń jò lórí ṣọ́ọ̀bù mi jẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án, pẹ̀lú owó ẹni tó gun òkè lọ kàn án. Òwú, abẹ́rẹ́ àti òróró ẹ̀rọ jẹ ẹgbẹ̀rún kan. Ìjọ dá ẹgbẹ̀rún méjì lé ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lórí, mo ti san tèmi. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Inú ike tí mo ń kó bọ́tìnì sí ló wà.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ti dẹwọ́? Ìyá rẹ ní kí o máa wọ sọ́ọ̀kì méjì lórí ara wọn. Ìyá àgbà ní kí n sọ pé òun ṣì ń fi ẹsẹ̀ ara òun rìn. Má tún pè mí lórí fóònù mọ́. Ìpè tó kọjá yẹn, "hẹ́lò, hẹ́lò" la pa tán tí owó fi tán, iye rẹ̀ sì tó ra sítáǹbù mẹ́rin. Lẹ́tà sàn. Èèyàn lè tún un kà láìsan kọ́bọ̀.

Ohun tí ìjọ fi dáwó nìyí. Ìwọ náà mọ̀ pé ọdún kẹjọ rèé tí a ti pín sí méjì nítorí ife. Àwa ní kí olúkúlùkù máa mu nínú ife kékeré tirẹ̀ bí a bá ń jẹ oúnjẹ Olúwa. Àwọn yẹn ní ife ńlá kan ṣoṣo ni, kó máa ti ẹnu dé ẹnu. A bá ara wa jà lórí rẹ̀ títí wọ́n fi kó jáde, tí wọ́n lọ gba yàrá ńlá kan ní òpin òpópónà wa. Ní báyìí, àwọn pásítọ̀ méjèèjì ti jókòó, wọ́n ní ní ọjọ́ Àìkú tó máa parí oṣù kẹfà, ìjọ méjèèjì yóò jọ jẹun pọ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́, kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀ pé inú ilé kan náà la ti jáde. Wọ́n ní kò sí ife kékeré, kò sí ife àtẹnudẹ́nu. Búrẹ́dì ni a ó máa ki bọ inú ife, tí a ó sì jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ìjọ fi pín, ìpàdé mẹ́ta péré ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú bí mi ni.

Wọ́n máa gbé tábìlì ìjọ méjèèjì ti ara wọn, aṣọ funfun kan ṣoṣo ni yóò sì bo méjèèjì. Èmi ni wọ́n ní kí n rán an. Mo béèrè iye aṣọ náà lọ́jà, mo sì yára kúrò níbẹ̀. Ìwọ tí ò ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì, bá mi wò ó bóyá wọ́n ní èyí tí wọn ò lò mọ́. Kó fẹ̀ dáadáa. Má san ju bó ṣe yẹ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ, Télọ̀.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí ìyá mi, mo kí ìyá àgbà àti ẹsẹ̀ wọn.

Mo ka ìṣirò yín lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí awò ojú níbẹ̀. Bàbá mi, nítorí awò ojú ni mo ṣe fi owó yẹn ránṣẹ́. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí ó bá a wá, mo sì fa ìlà sí i nídìí. Ìyá mi sọ fún mi pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rán aṣọ fún odindi ilé, ẹ ti ń pe aládùúgbò wọlé báyìí kí wọ́n wá bá yín ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ẹ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́fà tó kù ra á. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, ìbínú ni.

Mo ti rí aṣọ. Ọ̀gá wa máa ń ta èyí tó bá bàjẹ́ fún àwa òṣìṣẹ́, orí ìwọ̀n ló ń gbé e lé. Aṣọ tábìlì ńlá ni, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ síbi àsè. Áyọ́ọ̀nù jó o níbì kan. Mo mú kí ó dín owó rẹ̀ kù nítorí ibi tó jó, mo sì tún mú kó dín in kù nítorí pé ó rin nígbà tó ń wọ̀n ọ́n. Omi ni mo fẹ́ máa rà ni? Ó ti wà nínú ọkọ̀ báyìí.

Ọ̀rọ̀ jíjẹun pọ̀ yẹn, mo ti rí irú rẹ̀ níbí. Ìjọ mẹ́ta ló jọ háyà ilé kan ṣoṣo níbi tí mo ń lọ. Àwa ń ṣe tiwa láàárọ̀, àwọn kejì tẹ̀ lé wa, àwọn kẹta ń lo ọ̀sán. Kò sí ìfẹ́ kankan níbẹ̀ o, owó ilé ló kó wa pọ̀. Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan tí páìpù bẹ́ nínú gbọ̀ngàn. Wọ́n rọ́ gbogbo wa sínú yàrá kékeré ẹ̀yìn, àwọn pásítọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wo ojú ara wọn, wọ́n sì ní kí a kúkú jọ jẹun. Àwọn kan kúnlẹ̀, àwọn kan dúró. Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mú ife kékeré tirẹ̀ jáde láti inú báàgì, ó ní òun ò lè yí padà lọ́jọ́ ogbó. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta la máa ń jẹ ẹ́ pọ̀, omi ò sì tíì yalé wa mọ́.

Bàbá Káfíńtà ńkọ́? Ṣé ẹ ó jọ jókòó lọ́jọ́ náà? Àbúrò yín ni o. Àpótí tí mo kó ẹrù sí wá síbí, òun ló kàn án fún mi, kò sì gba owó. Ó ṣì wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi, ìdè rẹ̀ kan ò tíì ṣí.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Aṣọ ti dé. Ó dára ju èyí tí mo rí lọ́jà lọ. Ibi tó jó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n mo ti mọ ibi tí n ó pa á mọ́ sí. O kú ìnáwó, o sì kú àyà tí o fi bá ọ̀gá rẹ dúnàádúrà lórí aṣọ tútù. Ọmọ mi ni ọ́.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ìwọ̀n. Tábìlì tiwa, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n. Tàwọn yẹn wà nínú yàrá wọn, n kò sì ní torí tábìlì wọ ibi tí n kò wọ̀ láti ọdún mẹ́jọ. Ìyá àgbà ni mo rán. O mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ń lò lọ́dọ̀ wa, wọ́n á lo ọ̀sẹ̀ kejì lọ́hùn-ún, kí ọ̀kan nínú àwa ọmọ wọn méjèèjì má bàa ní wọ́n fẹ́ràn èkejì. Mo fún wọn ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́, mo ní kí wọ́n fi wọn tábìlì náà, kí wọ́n so kókó kan síbi tí gígùn rẹ̀ bá parí, kí wọ́n so èkejì fún gíga rẹ̀. Wọ́n fi okùn náà sínú Bíbélì.

Nígbà tí wọ́n dé, kókó mẹ́ta ni mo bá lórí okùn. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní àwọn ń forí wọ abẹ́ tábìlì pẹ̀lú ẹsẹ̀ dídùn ni Káfíńtà bá àwọn níbẹ̀, ó sì gba okùn. Ó ní kí wọ́n lọ jókòó. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó so kókó, ó wá ní, "Ẹ sọ fún ẹni tó rán yín pé tábìlì tiwa fi ìka méjì kúrú ju tiwọn lọ. Kó fi etí aṣọ sílẹ̀ fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á yọ gẹ́gẹ́ lójú gbogbo èèyàn." Kókó kẹta yẹn ni gíga tábìlì ìjọ tèmi. Òun náà ló kàn án lọ́jọ́ kìíní àná, kò sì fojú kàn án láti ìgbà tí wọ́n ti lọ. Mo mú téèpù, mo lọ wọ̀n ọ́n. Bó ṣe wí ló rí.

Kókó apẹja ló so, irú èyí tí bàbá wa kọ́ àwa méjèèjì nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Kì í tú. N kò sì gbìyànjú láti tú u.

Nípa ohun tí o bi mí, má bi mí mọ́. Ọ̀rọ̀ owó bẹ́ǹṣì kì í ṣe tìrẹ. Èmi ni akápò nígbà náà. Ìjọ ní kó kan bẹ́ǹṣì, ó kàn án, a san díẹ̀, ó ku ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún kí ìjọ tó pín. Òun bá wọn lọ. Mo sọ fún un nígbà náà pé ẹni tó bá jáde nínú ilé ò lè máa béèrè owó ilé. Ó ní bẹ́ǹṣì òun ò bá òun jáde. Bí a ṣe dákẹ́ síra wa nìyẹn.

Wọ́n ti yàn mí pé kí n ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Oníṣirò mi,

Èmi ìyá bàbá rẹ ni mo ń sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ ẹsẹ̀ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní kó kọ gbogbo ohun tí mo bá sọ, kó má tún ọ̀kankan ṣe. Ó ní òun ò gba owó, àmọ́ mo rí i pé ó ń wo bàtà mi tuntun.

Ohun kan wà tí bàbá rẹ ò ní sọ fún ọ. Kì í jẹ oúnjẹ Olúwa. Láti ọjọ́ tí ìjọ ti pín, kò fẹnu kàn án. Kí wọ́n tó jẹun níbẹ̀, pásítọ̀ máa ń sọ pé ẹni tó bá ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ jà kó lọ parí rẹ̀ ná, kó tó wá. Bó bá ti kù díẹ̀ kó sọ ọ́ báyìí, bàbá rẹ á ti dìde. Á lọ sẹ́nu ọ̀nà, á di ilẹ̀kùn mú bí ẹni pé olè ń bọ̀. Wọ́n rò pé aápọn ni. Wọ́n tilẹ̀ ti fún un ní báàjì lórí rẹ̀, ó fi kọ́ àyà, kò lè wo ojú mi lọ́jọ́ náà.

Èmi ní tèmi, mo ń jẹ ẹ́ níbí, mo sì ń jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, kò sí pásítọ̀ tó tíì bi mí. Ti Káfíńtà, n kò lè sọ. Iwájú pátápátá ni wọ́n máa ń fi mí sí lọ́hùn-ún, n kì í rí ẹ̀yìn.

Mo bí ọmọ méjì, ọkùnrin ni méjèèjì. N kò fẹ́ kí gbogbo ayé jẹun tán níwájú mi lọ́jọ́ yẹn kí èyí tó bí ọ dúró síta bí ajá. Nọ́ọ̀sì ní kí n má sọ ajá. Mo ní kó kọ ọ́.

Kọ̀wé sí i. Má sọ pé èmi ni mo sọ.

Ìyá àgbà rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Ẹ má bi mí ẹni tó sọ fún mi.

Ẹ ní ẹnu ọ̀nà lẹ ó wà. Mo rò pé iṣẹ́ ni. Mo ti wá mọ ohun tó gbé yín débẹ̀, ara mi ò sì balẹ̀ láti ìgbà náà. Lánàá, mo ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì níbi iṣẹ́, mo gbàgbé iye tí mo ti ká. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ọ̀gá wa rò pé ara mi ni ò yá, ó ní kí n lọ jókòó, ó sì yọ ọ́ nínú owó mi.

Bàbá, ọdún kẹjọ. Nígbà tí mo wà nílé, tẹ́ ẹ bá ń kó wa lọ sí ìsìn, ẹ̀yin lẹ máa ń fún mi ní owó tí n ó fi sínú àwo, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé kí n má ti orí bẹ́ǹṣì dìde kí wọ́n tó jẹun tán. N kò mọ̀ pé ẹ̀yin fúnra yín ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn yín nìkan ni mo ń rí.

Aṣọ tí mo fi ránṣẹ́, ẹ̀yin lẹ ó rán an. Gbogbo ìjọ méjèèjì ni yóò jẹun lórí rẹ̀. Ẹni tó rán an nìkan ni ò ní jẹ. Ṣé ohun tí mo sanwó ọkọ̀ lé lórí nìyẹn?

Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún, bí mo bá gba iṣẹ́ àṣekún ní ọjọ́ Sátidé, oṣù méjì ni. Ẹ jẹ́ kí n san án fún Bàbá Káfíńtà, kí ọ̀rọ̀ tán. Ẹ kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ dá mi lóhùn kíákíá, ọjọ́ ti ń lọ.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje

Bàbá mi,

Lẹ́tà ò dé. Ìsìn àjọjẹ ti kọjá, n kò sì gbọ́ ohunkóhun. Lọ́jọ́ náà, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Mo ń wo aago ara ògiri, mo ń ṣe ìṣirò aago tilé, mo ní: wọ́n ti wọlé báyìí, wọ́n ti ń kọrin, wọ́n ti tẹ́ aṣọ. N kò lè ṣe é kọjá ibẹ̀.

Mo máa ń yọjú wo àpótí lẹ́tà kí n tó lọ síṣẹ́, mo tún ń yọjú wò ó nígbà tí mo bá dé, bí ẹni pé ẹni tó ń pín lẹ́tà máa ń wá lálẹ́. Mo pè yín lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ ni, mo ná an. Kò wọlé.

Bóyá mo sọ̀rọ̀ jù. Bí mo bá sọ̀rọ̀ jù, ẹ bú mi, mo lè gbà á. Ẹ kàn kọ̀wé.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù keje

Ọmọ mi,

Ìyá àgbà ló sọ fún ọ. Má bò wọ́n. Nọ́ọ̀sì yẹn ti sọ ọ́ fún ìdajì òpópónà kí lẹ́tà rẹ tó dé.

N kò dá ọ lóhùn nítorí pé n kò ní ohun tí n ó kọ. Mo jókòó sídìí rẹ̀ nígbà mẹ́ta, mo fa bébà ya, mo sì kábàámọ̀ bébà. Bí mo bá kọ pé n ó jẹun, irọ́ ni. Bí mo bá kọ pé n kò ní jẹ, ìwọ ni n ó kọ ọ́ sí. Mo wá ní kí ọjọ́ náà kọjá ná.

Aṣọ náà bọ́ sí i gan-an. Mo fi etí rẹ̀ sílẹ̀ fún ìka méjì yẹn, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí tábìlì kan parí sí tí èkejì bẹ̀rẹ̀. Ibi tó jó, mo yí i sí apá ibi tí àwọn pásítọ̀ dúró sí. Àwọn nìkan ló rí i, wọn ò sì lè sọ̀rọ̀. Bẹ́ǹṣì tiwa la kó lọ síbẹ̀, nítorí àga ilé ẹ̀kọ́ kéré fún àgbà.

Ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì ni ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yẹn. Mo dúró ti apá kan pẹ̀lú báàjì mi. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, Káfíńtà ló dúró ti apá kejì. Ìjọ tiwọn ló yàn án. A kí ara wa bí a ṣe ń kí àlejò. A pín ìwé orin, ó ń fún àwọn tó bá gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé, mo ń fún àwọn tèmi.

Pásítọ̀ sọ gbólóhùn yẹn nípa ẹni tó ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ jà. Mo wo ìta. Wọ́n wá ń pe ìlà kọ̀ọ̀kan jáde. Bẹ́ǹṣì ń ṣófo láti iwájú wá sẹ́yìn. Mo rí i tí Káfíńtà ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣófo. Ó ní, láìwo ojú mi, "Wọn ò tíì mì."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a ò tíì tún ọ̀kankan kàn.

Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti kan ìlà tiyín. Ẹ lọ jẹun."

Mo ní mo ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó ní kí n lọ, pé òun á ṣọ́ ọ fún ẹni méjì. Mo ní kí ó kọ́kọ́ lọ. Kò lọ. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó ń wo ìta gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń wò ó, mo sì mọ ẹ̀yìn yẹn. Ọmọ mi, mo mọ̀ ọ́n. Mo bi í pé láti ìgbà wo.

"Láti ìgbà tí a ti kó lọ," ó ní. "Wọ́n ti fún mi ní báàjì méjì."

N kò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan yíjú padà wò wá. Kò sẹ́ni mìíràn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn, àwa méjì nìkan. Nínú gbogbo ìjọ méjèèjì, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni àwọn tí ò lè wọlé.

Mo wá sọ ohun tí mo ti mọ̀ tipẹ́. Mo ní, "Kì í ṣe ìjọ ló jẹ ọ́. Èmi ni mo wá bá ọ ní ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo ní kí o kàn án. Èmi ni mo jẹ ọ́."

Ó na ọwọ́ kan bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ó ní, "Igi ti wọ́n sí i láti ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n."

Mo ní, "Bẹ́ǹṣì ni mo jẹ ọ́, n kò jẹ ọ́ igi."

Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo ki ọwọ́ bọ àpò, mo yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́fà inú ike bọ́tìnì. Mo ti fẹ́ fi ra awò ojú ni lẹ́yìn ìsìn, mo búra fún ọ. Mo gbé e fún un. Ó kà á níwájú mi. Ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù. Ká ní kò kà á, ǹ bá rò pé àánú mi ló ń ṣe é.

A ti ilẹ̀kùn, a sì lọ síwájú. Ṣùgbọ́n a ti pẹ́ jù lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì. Àwo búrẹ́dì ti ṣófo. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wá ju bí wọ́n ṣe kà á lọ, àwọn pásítọ̀ sì ń wo ara wọn, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n á rán lọ ra búrẹ́dì. Ojú tì mí débi pé mo ti yíjú padà.

Ìyá àgbà wà níwájú. Búrẹ́dì tiwọn ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò tíì ki í bọ inú ife. Ó kéré, kò ju bọ́tìnì kóòtù lọ. Wọ́n fà á sí méjì, wọ́n na ọ̀kan sí mi, wọ́n na èkejì sí Káfíńtà. Pásítọ̀ ní, "Ìyá, ẹ̀yin ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Mo ti ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù láti ọdún mẹ́jọ. Mo ti jẹ ti àwọn méjèèjì sílẹ̀. Ẹ fún wọn ní ife."

Ife ńlá ìjọ Káfíńtà ni. Mo ki búrẹ́dì náà bọ inú rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́.

Má rò pé gbogbo nǹkan ti dára tán. Lẹ́yìn ìsìn, ó gbé tábìlì wọn lé èjìká pẹ̀lú àwọn kan, ó sì lọ. Kò tíì yà sílé wa, èmi náà ò tíì yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo máa ń gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ bí ẹnikẹ́ni bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, ìránṣọ mi ò sì tọ́ mọ́ bó ṣe yẹ. Mo ti fọ aṣọ tábìlì náà. A ò tíì mọ ìjọ tí yóò máa pa á mọ́, wọ́n ti ṣe ìpàdé kan lórí rẹ̀.

Owó àṣekún ọjọ́ Sátidé yẹn, má fi ránṣẹ́. N kò ní jẹ́ kí ọmọ mi bá mi san gbèsè àbúrò mi. Sùn ní Sátidé. Máa wọ sọ́ọ̀kì méjì.

Iye bẹ́ǹṣì, ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún. Mo ti san mẹ́fà. Ó ku ẹgbẹ̀rún méjìlá.

Bàbá rẹ, Télọ̀.